Àwòrán Ilẹ̀ Lára Ògiri Kíláàsì: Iṣẹ́ Olùkọ́ Yorùbá ní Agbègbè Ẹgbẹ́dá

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá ti bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ wò lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ ìkọ́ni yóò ti rí àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà lára ògiri kíláàsì ju bí ó ṣe lè kà lọ. Orí kádíbọ́ọ̀dù funfun ni wọ́n máa ń yà á sí. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ yóò wo ti inú ìwé, yóò fi pẹ́ńsùlù tọ ìlà rẹ̀, yóò fi àwọ̀ ewé kùn ún, yóò kọ orúkọ ìpínlẹ̀ 36 sí i, yóò sì ti gbé e kọ́ kí olùyẹ̀wò tó dé. A ó fún un ní máàkì fún ohun èlò ìkọ́ni. Àwọn ọmọ kíláàsì kò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ náà rárá, àfi bí ó bá já bọ́ tí a ní kí ọ̀kan nínú wọn gbé e.

Bí a bá wá ní kí ọmọ kíláàsì kẹrin kan ní Osegere tàbí ní Erunmu fi Sókótó hàn wá lára àwòrán yẹn, yóò fi í hàn. Bí a bá ní kí ó fi odò tí ó là kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà hàn wá, kò sí níbẹ̀. Abúlé rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọjà tí ìyá rẹ̀ ń ná kò sí níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ìwé kan kò lè gba ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí kò tíì rí ilé ara rẹ̀ lórí ìwé rí yóò máa rò pé ibi tí ó jìnnà nìkan ni ó yẹ ní yíyà.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn ṣe àwòrán ilẹ̀ agbègbè wọn, kí wọ́n fi ọ̀dà kùn ún, kí wọ́n sì lẹ ewé, aṣọ, ìwé àti èèpo mọ́ ọn. Èrò wa kejì, èyí tí a mọ̀ pé yóò fa awuyewuye, ni pé olùkọ́ Yorùbá ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí kí ó tó tọ́ sí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tàbí olùkọ́ ẹ̀kọ́ àwùjọ. Ohun tí ó ṣòro jù lọ nínú rẹ̀ kì í ṣe ìlà tàbí ọ̀dà. Orúkọ ni.

Ọnà tí a bá nílé

Àwọn kan yóò sọ pé òkè òkun ni a ti kó irú iṣẹ́ yìí wá. Kí wọ́n lọ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí à ń pè ní Ìbàdàn Dùn. Obìnrin ni ó máa ń ya á. Yóò pín aṣọ funfun náà sí ojú onígun mẹ́rin mẹ́rin, yóò ti ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ tí a fi láfún sè, yóò sì máa fi ya oríṣiríṣi àrà sí ojú kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Nígbà tí a bá ha ẹ̀kọ náà kúrò, àrà yóò hàn funfun láàárín dúdú aró. Ojú kan wà lára aṣọ yìí tí a fi ń dá a mọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀: ọwọ̀n gbọ̀ngàn Màpó ni, tí ṣíbí wà láàárín wọn. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà. Àwọn aláró wo ilé ńlá tí ìjọba amúnisìn kọ́ sórí òkè, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun tí obìnrin lè ró mọ́ ìdí lọ sọ́jà. Kì í ṣe àwòrán ilẹ̀ bí ti àwọn awọnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ibi kan nìyí tí a fi àmì dá mọ̀, tí a fún ní orúkọ, tí a sì sọ èrò ọkàn wa nípa rẹ̀ pé ó dùn. Ọ̀pọ̀ àwòrán ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ sínú ìwé kò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti àlẹ̀mọ́, ẹ wo agọ̀ eégún tí a fi oríṣiríṣi aṣọ gán pọ̀, tí ìdílé ń fi aṣọ tuntun kún bí agbára bá ṣe ká a. Ẹni tí ó bá mọ ìdílé náà lè tọ́ka sí ìgbátí aṣọ kan kí ó sì sọ ẹni tí ó rà á. Ìtàn ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn níbẹ̀.

Òṣogbo sì tún wà nítòsí. Ní ọdún 1962 ni wọ́n dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní ilé Dúró Ládiípọ̀, tí Ulli Beier sì wà lára àwọn tí ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Denis Williams ni ó darí àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Georgina Beier ni ó darí ti ọdún 1964. Àwọn tí ó wá síbẹ̀ kò kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì kankan. Jimoh Buraimoh ń ṣe iṣẹ́ iná fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlẹ̀kẹ̀ to àwòrán. Adebisi Fabunmi fi òwú ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì fẹ́ràn láti máa ya ilé àti ìgboro. Àwọn tí ó ń ya iṣẹ́ Òṣogbo sọ́tọ̀ bí iṣẹ́ ìyanu kan ń ṣe àṣejù díẹ̀, nítorí àgbà ni àwọn tí ó wà níbẹ̀, àwọn òyìnbó tí ó ń rà á sì wà nítòsí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí ó wúlò fún olùkọ́ kíláàsì: wọ́n kó ohun èlò síwájú ènìyàn, wọn kò sì gbé àwòrán ẹlòmíràn síwájú rẹ̀ pé kí ó dà á kọ.

Ẹ̀rí tí ó kẹ́yìn yóò mú wa rìn jìnnà díẹ̀, lọ sí Fumban ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ọba Njoya ti àwọn Bamum ti ṣẹ̀dá ọ̀nà ìkọ̀wé fún èdè àwọn ènìyàn rẹ̀ kí ó tó di ọdún 1912 tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀ ìjọba rẹ̀. Àwọn Jámánì ni ó ń ṣàkóso Kamẹrúùnù nígbà náà, àwọn náà sì ní awọnlẹ̀ tiwọn. Ọba yìí kò dúró dè wọ́n. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde, wọ́n rin ilẹ̀ náà, wọ́n ya odò, òkè àti abúlé, wọ́n sì fi lẹ́tà tiwọn kọ orúkọ wọn sí i. Kókó tí a ń lépa nìyẹn. Ẹni tí ó bá kọ orúkọ sórí àwòrán ilẹ̀ ni ó ń sọ bí a ó ṣe máa pe ibẹ̀.

Ẹgbẹ́dá gan-an

Ní ọdún 1989 ni a yọ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá lára Lágelú. Ìlú Ẹgbẹ́dá wà lójú ọ̀nà tí ó lọ láti Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀. Bí a bá gba títì yẹn láti apá ibi tí pápá ọkọ̀ òfuurufú Alakia wà, tí a sì ń lọ sí ìlà-oòrùn títí a ó fi dé Asejire, a ó rí ìgboro tí ó ń yí padà di oko lójú wa. Ní Asejire ni a ti dí odò Ọ̀ṣun. Ọdún 1972 ni wọ́n parí iṣẹ́ náà, ó sì wà lára ibi tí Ìbàdàn ti ń rí omi ẹ̀rọ. Ní ẹ̀gbẹ́ títì yìí àti ní inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni Erunmu, Olodo, Osegere, Owobaale, Kasumu, Ajiwogbo, Alugbo, Awaye àti àwọn abúlé kéékèèké mìíràn wà.

Ẹ óò ṣe àkíyèsí pé a kò fi àmì ohùn sí orí àwọn orúkọ wọ̀nyí. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Bí pátákó ojú ọ̀nà ṣe kọ wọ́n ni a ṣe kọ wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn ìwé ìjọba ṣe ń kọ wọ́n. Ẹ mú Olodo wò. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu onílé rí, tí ó kàn rí i lórí pátákó, lè pè é ní olódó, ẹni tí ó ní odó. Ó lè pè é ní olódò, ẹni tí ó ní odò. Àwọn ọmọ iléèwé a sì máa pè é ní olódo, ẹni tí ó gba òdo nínú ìdánwò, wọn a sì fi máa bú ara wọn. Lẹ́tà márùn-ún kan náà ni. Ìtàn tí ó wà nídìí odó yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nídìí odò, pátákó kò sì lè yan ọ̀kan fún wa. Ẹnu àgbà ìlú nìkan ni ó lè yàn án, ọmọ kíláàsì ni ó sì yẹ kí a rán lọ béèrè.

Ti Erunmu jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Samuel Johnson dárúkọ ìlú yìí nínú ìtàn ogun Òwu, ogun tí ó ṣẹlẹ̀ kí àwọn jagunjagun tó tẹ Ìbàdàn òde òní dó ní nǹkan bí ọdún 1829. Nítorí náà, ọmọ tí ó ń gbé Erunmu tí ó sì ń rò pé abẹ́ Ìbàdàn ni ìtàn ìlú òun ti bẹ̀rẹ̀ kò tíì gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀.

Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé àwọn orúkọ wọ̀nyí ń lọ. Ìbàdàn ń fẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Bí a bá ta ilẹ̀ abà kan tán, ilé á sú yọ níbẹ̀, àwọn tí ó kọ́lé á kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ onílé, wọn á sì fún àdúgbò ní orúkọ tuntun, tí ó sábà máa ń jẹ́ orúkọ àdúrà pẹ̀lú nọ́ńbà sóònù lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ àdúrà kò burú. Ṣùgbọ́n abà tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ro ibẹ̀, tàbí orúkọ igi tí ó wà níbẹ̀, bí ó ti rí ní gbogbo ibi tí a ń fi Ìdí bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn ní agbègbè Ìbàdàn. Wọ́n ti gé igi náà. Bí orúkọ náà bá tún lọ, kò sí ohun tí yóò sọ fún ẹnikẹ́ni pé igi kan wà níbẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí ó jẹ́ ti oko Ìbàdàn ní pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ìdílé tí ó ń gbé ní abà ni ó ní agbo ilé nínú ìgboro Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni mọ́gàjí wọn wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe òkú àti ìgbéyàwó ńlá, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń tọ́ka sí bí a bá ní ilé wo ni wọ́n ti wá. Oko ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ń sùn. Àwòrán ilẹ̀ tí àwọn awọnlẹ̀ ń yà kò lè fi èyí hàn, nítorí wọ́n gbà pé ibi tí ènìyàn ń gbé ni ilé rẹ̀. Ọmọ lè fi í hàn. Yóò ya abà rẹ̀ sí apá kan ìwé, yóò ya agbo ilé sí apá kejì, yóò sì fi òwú pupa so wọ́n pọ̀. Bí olùkọ́ tí ó ti ìlú mìíràn wá bá rí irú òwú bẹ́ẹ̀ lára iṣẹ́ ọmọ 20 nínú kíláàsì ọmọ 40, ó ti mọ ohun kan nípa àwọn ènìyàn tí ó ń kọ́ lọ́mọ.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún ni ó dára jù fún un. Kí a má ṣe pín àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe jókòó. Kí a pín wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá sí iléèwé. Àwọn tí ó ń gba ọ̀nà kan náà wá mọ ohun kan náà, wọn yóò sì máa jiyàn lórí rẹ̀. Kí olùkọ́ má ṣe tètè pa iyàn náà. Ìgbà tí ọmọ kan bá ń sọ pé igi ọsàn ni ó ṣáájú mọ́sálásí, tí èkejì ń sọ pé rárá, mọ́sálásí ni ó ṣáájú, ni wọ́n ń lo ọ̀rọ̀ bí iwájú, ẹ̀yìn, òdìkejì, ìsọdá, ìkóríta, apá ọ̀tún àti ìsàlẹ̀ odò láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sójú pátákó fún wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n ka ìṣísẹ̀ wọn láti ẹnu ọ̀nà iléèwé títí dé ibi tí wọ́n lè dé kí wọ́n sì padà kí agogo tó lù. Èyí ni yóò kọ́ wọn ní ìwọ̀n. Lórí àwòrán ilẹ̀ ìjọba tí a fi 1:50,000 wọ̀n, sẹ̀ntímítà 2 dúró fún kìlómítà 1. Lórí tiwọn, ìka kan lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀. Kí wọ́n tún dúró níta láàárọ̀ kí wọ́n wo ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ọmọ Ẹgbẹ́dá tí ó bá kọjú sí ìlà-oòrùn ti kọjú sí ọ̀nà Ifẹ̀ nìyẹn, ó sì ti kẹ̀yìn sí Ìbàdàn. Kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ti orúkọ, ibí yìí sì ni olùkọ́ Yorùbá ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bá àgbàlagbà kan ní àdúgbò rẹ̀. Kí a kọ́ ọ bí yóò ṣe béèrè, nítorí ọmọ tí ó bá dúró ṣangílítí síwájú àgbà kò ní rí ìdáhùn gbà. Ọkùnrin yóò dọ̀bálẹ̀, obìnrin yóò kúnlẹ̀, wọn yóò ní, "Ẹ kú ilé o, Bàbá. Olùkọ́ wa ní kí a wá béèrè orúkọ odò yìí lọ́wọ́ yín, àti ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀." Kí wọ́n gbọ́ orúkọ náà ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí wọ́n bá padà dé kíláàsì, wọn yóò pè é, kíláàsì yóò fi dò, re, mí gbé ohùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó kọ ọ́ pẹ̀lú àmì. A ti ń fi àwọn gbólóhùn inú ìwé kọ́ àmì ohùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń sú àwọn ọmọ. Orúkọ odò tí ó wà lẹ́yìnkùlé ilé wọn kò lè sú wọn bẹ́ẹ̀, nítorí bí àmì bá ṣì lọ, àgbà tí ó sọ ọ́ yóò bínú.

Ohun èlò kò tó ohun tí à ń bẹ̀rù. Ìwé àpò sìmẹ́ńtì tí a là, tí a sì gbọn eruku rẹ̀ dànù níta, nípọn ju kádíbọ́ọ̀dù lọ, ó sì tóbi tó. Ẹ̀kọ gbígbóná tí ó ki ni a ó fi lẹ nǹkan mọ́ ọn. Fún àwọ̀, ẹfun wà, osùn wà, èédú wà, ilẹ̀ pupa sì wà lẹ́yìn kíláàsì gan-an. Funfun, pupa àti dúdú ni orí mẹ́ta tí àwọn bàbá wa kó àwọ̀ sí, tí a fi ń ka aró mọ́ dúdú tí a sì ń ka àwọ̀ ìyeyè mọ́ pupa; èyí náà tó ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan lọ́tọ̀. Kí àwọn ọmọ yan àwọ̀ odò fúnra wọn. Inú ìwé ni gbogbo odò ti ń rí bí ojú ọ̀run. Ọ̀ṣun kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà òjò, ọmọ tí ó bá fi ilẹ̀ pupa kùn ún ti wo odò náà ju ẹni tí ó ya ti inú ìwé lọ.

Lẹ́yìn èyí ni àlẹ̀mọ́. Èédú tí a gún ni títì ọlọ́dà. (Ó dùn mọ́ni pé ọ̀dà kan náà ni èdè wa fi ń pe ohun tí a fi ń kun ilé àti ohun tí a fi ń tẹ́ títì.) Èèpo kòkó tí ó ti gbẹ ni oko kòkó, háhá àgbàdo ni oko àgbàdo. Ewé tútù yóò rọ, nítorí náà kí a ti kọ́kọ́ fi ìwé tẹ̀ ẹ́ kí ó gbẹ. Àjákù ańkárá láti ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni ọjà. Èèpo ẹyin tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́ lè jẹ́ ọ̀nà olókùúta. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a ṣí tí a sì tẹ́ pẹrẹsẹ ni a lè fi ṣe adágún Asejire; a fi ọ̀rá tí a ti mu omi inú rẹ̀ tán ṣe omi, àwọn ọmọ yóò sì rẹ́rìn-ín sí i. Níbi tí igi wà rí tí wọ́n ti gé e, kí wọ́n wá ewé irú igi bẹ́ẹ̀ níbòmíràn kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààlà

Ibì kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi. Ní agbègbè tí à ń sọ yìí, ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé, owó ilẹ̀ sì ń gun òkè sí i. Ẹjọ́ ilẹ̀ wà ní kóòtù, ọmọ onílẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà. Bí ọmọ kan bá fa ìlà yí abà kan ká tí ó sì kọ orúkọ ìdílé kan sáàárín rẹ̀, tí a wá gbé e kọ́ síbi tí òbí gbogbo ti ń wò ó lọ́jọ́ àpérò òbí àti olùkọ́, a ti dá ìjà sílẹ̀. Ẹnìkan lè ya fọ́tò rẹ̀ kí ó lọ fi ṣe ẹ̀rí.

Nítorí náà, òfin tí a dá ni pé kí wọ́n má ya ààlà kankan. Kí wọ́n ya ọ̀nà, odò, igi, afárá, ọjà, ilé ìsìn, iléèwé, àti ilé tí ẹni gbogbo mọ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ ibi, kí wọ́n má kọ orúkọ onílẹ̀. Bí àgbà méjì bá sọ ìtàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nípa orúkọ kan náà, kí a kọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà, kí olùkọ́ má sì ṣe dájọ́. Àwọn kan yóò ní ojo ni èyí. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kíláàsì kì í ṣe ìwé ilẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í sì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ó sì tún yẹ kí olùkọ́ lọ kí Baálẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó ṣàlàyé ohun tí àwọn ọmọ fẹ́ ṣe. Èyí kò gba ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ, ó sì ń ṣí ẹnu àwọn àgbà.

Ta ni ó ni iṣẹ́ yìí?

A mọ̀ pé olùkọ́ iṣẹ́ ọnà yóò ní a ti wọ oko òun. Yíyà, kíkùn àti lílẹ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ àṣà àti iṣẹ́ ọnà nínú kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án, a kò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ iléèwé abúlé, olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó ń kọ́ kíláàsì ní gbogbo iṣẹ́. Ìbéèrè gidi ni pé, nígbà tí ó bá ń ṣe é, èdè wo ni yóò fi ṣe é?

Ọ̀rọ̀ yìí ti gba ọ̀nà tí ó wọ́. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí ó sì yọrí sí rere. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Ọ̀mọ̀wé Tunji Alausa, kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà nínú iṣẹ́ yìí ti sọ ohun tí ó wà lọ́kàn wa lórí rẹ̀, a kò ní tún un sọ níhìn-ín.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ rí ni pé ìlànà kan kò lè yí orúkọ odò padà. Gẹ̀ẹ́sì kò ní orúkọ mìíràn tí yóò fún odò tí ó kọjá lẹ́yìn Osegere. Olùkọ́ tí ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni láti àárọ̀ títí dé ọ̀sán yóò ṣì dé ibi àwòrán ilẹ̀ yìí, yóò sì bá Yorùbá níbẹ̀, nínú orúkọ igi, orúkọ ewé, orúkọ abà àti ẹnu àgbà tí ó sọ ọ́. Wọn kò tíì mú Yorùbá kúrò bí iṣẹ́ tí a ń kọ́ fúnra rẹ̀. Wákàtí díẹ̀ tí ó kù fún un lọ́sẹ̀, ẹ má ṣe fi gbogbo rẹ̀ da ẹsẹ ìwé kọ sójú pátákó.

Máàkì àti ìtọ́jú

Ní ti àwa tí a ń yẹ ìdánrawò wò, fọ́ọ̀mù wa nílò àtúnṣe. Ibi tí a kọ ohun èlò ìkọ́ni sí ń fún ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ohun tí ó mọ́ tónítóní ní máàkì, ó sì ń gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe é kí ó rí wúruwùru. A ti rí àwọn olùyẹ̀wò tí wọ́n ń fi rúlà wo bóyá ìlà tọ́. Kí a máa béèrè ohun mẹ́ta dípò èyí: orúkọ mélòó ni ó wà lórí àwòrán tí kò sí nínú ìwé kankan, ọmọ mélòó ni ó lè sọ ìdí orúkọ tí ó kọ, àti pé ṣé àmì ohùn bá bí wọ́n ṣe ń pè é mu. Olùyẹ̀wò tí kò gbọ́ orúkọ náà rí yóò ní láti béèrè lọ́wọ́ ọmọ, kò sì sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn.

Aáyán àti eku fẹ́ràn ẹ̀kọ. Kí a gbé iṣẹ́ náà kọ́ sókè, kí ó jìnnà sí ògiri tí òjò ń jò sí, kí a sì fi ọ̀rá fífẹ̀ bò ó. Kí olùkọ́ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ kí sáà tó parí, ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ní apá mẹ́rin, kí àwọn lẹ́tà lè hàn. Kí ó tẹ ẹ̀dà méjì jáde ní ìgboro. Ọ̀kan fún Baálẹ̀, ọ̀kan fún ibi ìkówèésí ẹ̀ka wa, pẹ̀lú orúkọ abúlé, ọdún tí a ṣe é, àti àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn àgbà sọ. Àpótí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àwọn iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá tí a lè bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sí.